Herschel, atẹdùùrù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò tó fi rí Uranus

Nílùú wa, Ìpòtì-Èkìtì, ọmọ tó bá ń tú rẹ́díò bàbá ẹ̀ palẹ̀, wọn kì í pè é ní ọlọ́gbọ́n. Wọ́n á ní ó ń ba dúkìá jẹ́ ni. Tó bá dàgbà tán, tó wá ń fi pákó, wáyà àti gọ́ọ̀mù kan àpótí sípíkà tó ń dún ju ti ọjà lọ, wọ́n á ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà, kódà lẹ́nu àwọn tó jẹ́ pé sípíkà tírú ọmọ bẹ́ẹ̀ kàn ni wọ́n ń háyà fún òde ìnáwó wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa William Herschel lónìí. Ẹ ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ nílé ìwé, àbí? Òun ni wọ́n ní ó rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus. Ohun tí tíṣà kì í sábà sọ ni pé olórin ni ọkùnrin yìí, pé wíwo ìràwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tó ń jẹ, àfipawọ́ ni, àti pé inú ilé tó ń gbé ló ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe awò tó fi rí i, òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dárúkọ.

Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1738 ni wọ́n bí i nílùú Hanover, lórílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Jámánì lónìí. Isaac bàbá ẹ̀ ń fọn fèrè oboe nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ogun ibẹ̀. Owó kò sí nílé náà, àmọ́ orin pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Bàbá yìí tún fẹ́ràn ojú ọ̀run. Á máa pe àwọn ọmọ ẹ̀ jáde lóru kí wọ́n wá wo ìràwọ̀. Nígbà tí William pé ọmọ ọdún 14, òun náà wọ ẹgbẹ́ olórin ọmọ ogun.

Ogun ló lé e kúrò nílé. Lóṣù Keje ọdún 1757, àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun àwọn ará Hanover ní Hastenbeck, bàbá ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló sì ní kó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ló bá jápa. Kí ọdún yẹn tó parí, òun àti Jakob ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 19 ni, kò sówó lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí ṣe ni kó máa da orin kọ: kó gba ìwé orin ẹlòmíì, kó fi kálámù kọ ẹ̀dà tuntun jáde, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ padà sílé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Òun dúró. Ó gba apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó ń darí ẹgbẹ́ olórin níbí, ó ń kọ́ ọmọ olówó ní orin lọ́hùn-ún, ó ń gun ẹṣin láti ìlú dé ìlú, ó sì ń kọ orin tirẹ̀. Orin gígùn tí ẹgbẹ́ olórin ńlá máa ń lù, èyí tí wọ́n ń pè ní símífónì, ó kọ 24.

Ọdún 1766 ló tó rí ibi fìdí lé. Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan nílùú Bath, Octagon Chapel, gbà á síṣẹ́ atẹdùùrù. Bath yìí, ẹ fojú Ìkógòsì wò ó: omi gbígbóná ń sun látinú ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn olówó sì ń wá láti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wẹ̀ kí ara wọn lè yá. Ìyàtọ̀ kan ni pé àwọn ará Bath mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi tiwọn pawó. Níbi tí olówó bá sì pọ̀ sí, olórin kò ní í febi sùn. Ọ̀sẹ̀ míì wà tí Herschel á kọ́ èèyàn lórin nígbà tó ju 30 lọ, yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì, yàtọ̀ sí ti òde aré.

Ibí yìí ni Caroline ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ tirẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ọdún 11 tí William fi jù ú lọ. Ṣọ̀pọ̀ná ti bá a jà ní kékeré, ó fi àpá sí i lójú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 10, ibà burúkú kan kọ lù ú, kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ mọ́ títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ti fi í sípò ọmọ ọ̀dọ̀: kó máa dáná, kó máa hun ìbọ̀sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kàwé jìnnà. Lọ́dún 1772, William padà sí Hanover láti wá mú un. Kí ìyá wọn tó gbà, ó ní láti fi owó sílẹ̀ tí wọ́n á máa fi san ti ọmọ ọ̀dọ̀ míì tó máa rọ́pò ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀gbọ́n ra àbúrò kúrò nídìí àdògán.

Ní Bath, William kọ́ ọ lórin títí ó fi di ẹni tó ń dá kọrin níwájú èrò. Ó kọ orin Messiah ti Handel. Wọ́n tiẹ̀ pè é síṣẹ́ orin ní Birmingham, ó ní òun ò lọ, níbi tí ẹ̀gbọ́n òun bá ti ń darí nìkan lòun á ti máa kọrin. Ká ní nǹkan dúró bẹ́ẹ̀ ni, olórin méjì ni à bá máa sọ̀rọ̀ wọn, bóyá a ò tiẹ̀ ní í gbọ́ nípa wọn rárá.

Àmọ́ Herschel ti ka ìwé kan tí Robert Smith kọ lórí bí ohùn orin ṣe ń bára wọn mu. Ó gbádùn ẹ̀ débi pé ó wá ìwé míì tí Smith kan náà kọ, èyí tó dá lórí ìmọ́lẹ̀, dígí, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe awò awọ̀nàjíjìn, ìyẹn tẹlisíkóòpù. Ọdún 1773 nìyẹn. Báyìí ni etí ṣe mú ojú mọ̀nà.

Mi ò rò pé èyí máa ya ẹnikẹ́ni tó ti kan àpótí sípíkà rí lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ pé ihò tí wọ́n gbẹ́ síwájú àpótí ní ìwọ̀n, pé bí páìpù inú ihò yẹn bá ṣe gùn sí ni báàsì á ṣe wálẹ̀ sí, onítọ̀hún ti ń fi rúlà mú ohun tí kò ṣeé dì mú. Kò sì jìnnà síbẹ̀ mọ́ kó gbójú sókè. Lọ́dún 1937, Grote Reber, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń bá iléeṣẹ́ rẹ́díò ṣiṣẹ́ ní Chicago, fi owó àpò ara ẹ̀ kan àwo ńlá kan tó fẹ̀ ju mítà 9 lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá ẹ̀ nílùú Wheaton, kó lè fi gbọ́ ariwo rẹ́díò tó ń ti ọ̀run wá. Fún bí ọdún mẹ́wàá, òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe irú iṣẹ́ yẹn láyé. Ọmọ Nàìjíríà kan sì wà nínú ìtàn náà: Samuel Okoye, tí òun àti Antony Hewish jọ rí ohun àràmàǹdà kan tó ń ju ariwo rẹ́díò síta nínú Crab Nebula lọ́dún 1965, nígbà tó ń kàwé ní Cambridge. Lẹ́yìn náà ló padà wálé wá ṣiṣẹ́ ní Nsukka. Ẹ lọ wá orúkọ ẹ̀.

Ká padà sí Bath. Herschel kọ́kọ́ háyà awò kékeré kan. Ó wò ó títí, ó fẹ́ èyí tó tóbi. Nígbà tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ó rí i pé apá òun ò ká a. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá rí iye tí wọ́n ń ta nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì rọra gbé fóònù sílẹ̀. Òun kò gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà nílùú náà, ọmọ ìjọ Quaker, tó ti ń fi dídán dígí awò pawọ́ tẹ́lẹ̀ kó tó sú u. Herschel ra gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn dígí tí kò tíì parí.

Irú awò tó fẹ́ ṣe yìí, dígí kan tó jin díẹ̀ bí inú àwo ló máa ń wà nísàlẹ̀ òpó gígùn ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á bà lé dígí náà, dígí á kó o jọ sójú kan, gíláàsì kékeré níbi tí èèyàn ń fojú sí á wá sọ ọ́ di ńlá. Bí dígí bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó lè kó ṣe ń pọ̀ tó, ìyẹn ló jẹ́ kó máa wá èyí tó fẹ̀ sí i títí tó fi darúgbó. Láyé ìgbà yẹn, bàbà ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ mọ́ tánganran, tánganran á tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n á dà á sínú móòdù, tó bá tutù wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dán an títí á fi máa tàn. Nǹkan wọ̀nyí ò jìnnà sí wa o. Òkúta tí wọ́n ti ń yọ tánganran wà nínú ilẹ̀ Ìjerò, kò jìnnà sí ìlú mi. Dída mẹ́tàlì gbígbóná sínú móòdù amọ̀ ńkọ́? Àwọn tó ṣe orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Herschel.

Kò pẹ́ tí pálọ̀ fi di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, níbi tí wọ́n ti ń kan òpó awò. Alexander, arákùnrin wọn tóun náà jẹ́ olórin, gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin róbótó sínú yàrá. Caroline tó fẹ́ràn kí ilé mọ́ kàn ń wò wọ́n ni. Herschel á ti òde orin dé, kò ní í pààrọ̀ aṣọ, á gba ìdí dígí lọ, ọ̀dà á sì ta sí ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù olówó ńlá tó fi ń ṣeré fáwọn èèyàn jàǹkàn.

Dídán yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Tó bá ti ku díẹ̀, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kúrò lórí dígí. Ìgbà kan wà tó dán dígí fún wákàtí 16 láìdìde. Caroline ló ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu lókèlè lókèlè, òun náà ló ń ka ìwé sí i létí kó má baà sú u: Don Quixote, ìtàn àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá, ohun tó bá ṣáà lè mú oorun kúrò lójú. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé Herschel nìkan ló ṣe awò ẹ̀, ẹ bi í pé ta ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1774, ó kọ ohun tó fi awò ọwọ́ ẹ̀ rí sínú ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú àwọn ìràwọ̀ Orion wà lára ẹ̀, òrùka Saturn náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, orin lọ́sàn-án, ìràwọ̀ lóru. Wọ́n ní láàárín eré, tí àwọn olórin bá ń sinmi, á sáré jáde lọ wo ojú ọ̀run. Lóṣù Kejìlá ọdún 1779, ó gbé awò síta lójú títì níwájú ilé, ó ń wo òṣùpá. Dókítà kan tó ń kọjá, William Watson, ní kó jẹ́ kóun náà wò ó. Ó wò ó, ẹnu yà á, ó padà wá lọ́jọ́ kejì láti dúpẹ́, ó sì mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlú náà. Bí ọ̀rọ̀ olórin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé etí àwọn ọ̀mọ̀wé London nìyẹn. Ká ní ẹ̀yìnkùlé ló wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́?

Ẹ̀yìnkùlé ló sì wà lálẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1781, nílé Nọ́ńbà 19, òpópónà New King Street, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Awò tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7 ló ń lò, dígí ẹ̀ fẹ̀ ju íǹṣì 6 lọ díẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn ń wòran. Ó ń yẹ ìràwọ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ló bá kan ọ̀kan tí ojú ẹ̀ ò jọ tàwọn yòókù. Gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 227 ló wà lójú awò. Ó yọ ọ́, ó fi ti 460 sí i. Ó tún fi ti 932 sí i. Ìràwọ̀ gidi jìnnà débi pé bó ti wù kí èèyàn fà á súnmọ́ tó, bí ẹnu abẹ́rẹ́ ló ṣe máa rí. Ṣùgbọ́n èyí ń fẹ̀ sí i. Lẹ́yìn alẹ́ mẹ́rin, ó tún wá a: ó ti ṣí kúrò níbi tó wà.

Ó rò pé ìràwọ̀ onírù ni, bó sì ṣe kọ ìròyìn ẹ̀ ránṣẹ́ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò bíi Anders Lexell, tó wà ní St Petersburg, ló ṣírò ọ̀nà tó ń tọ̀. Wọ́n rí i pé pílánẹ́ẹ̀tì ni, ó sì jìnnà sí oòrùn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì Saturn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, Saturn ni gbogbo ayé gbà pé ó gbẹ̀yìn. Atẹdùùrù kan ṣáà fi ilẹ̀ kún ilẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fojú kàn án. John Flamsteed, onímọ̀ ìràwọ̀ ọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i lọ́dún 1690, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìràwọ̀. Pierre Lemonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà kọjá lára ẹ̀. Ojú wọn ò fọ́. Lójú tèmi, ẹni tó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ dán dígí ló mọ ohun tí dígí yẹn lè purọ́ nípa ẹ̀ àti ohun tí kò lè purọ́ nípa ẹ̀. Nígbà tí ìràwọ̀ kan rí wúruwùru lójú Herschel, kò rò pé awò òun ló bàjẹ́. Ó ti mọ awò ẹ̀ bí ó ṣe mọ dùùrù ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ máa ń fi ìwòran ojú ọ̀run wé orin: pé bí èèyàn ò ṣe lè jókòó sídìí dùùrù lọ́jọ́ kìíní kó tẹ orin Handel, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò.

Àwọn kan ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní irọ́ ni ìlọ́po tó ń pè yẹn. Lọ́dún 1782, ó gbé awò ẹsẹ̀ bàtà 7 náà lọ sí Greenwich, níbi tí awò ọba wà, wọ́n fi wéra wọn. Nevil Maskelyne, ọ̀gá ibẹ̀, kò rí nǹkan míì sọ ju pé ti olórin náà dára ju tiwọn lọ.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ kò nílò kó máa yọ́ bàbà. Gíláàsì róbótó méjì tó nípọn tó nǹkan. Ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ da omi àti lẹ́búlẹ́bú carborundum sáàárín wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òkúta ìpọ́nrin, ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn, ẹ sì máa yí i. Tòkè á máa jin, tìsàlẹ̀ á máa wú, láìjẹ́ pé ẹ ní ẹ̀rọ kankan. Lẹ́yìn ìyẹn ni dídán, lẹ́yìn dídán ni wọ́n á fi fàdákà tàbí alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ẹ̀. Gílóòbù kékeré kan àti bíléèdì ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọgbọ́n tí Léon Foucault gbé jáde nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1858, ó sì lè fi àṣìṣe tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mìlímítà hàn. Páìpù omi tó fẹ̀ tàbí páńkó ni òpó ẹ̀. Sùúrù ló wọ́n níbẹ̀. Ní ti ojú ọ̀run, àwa ará Èkìtì ò lè ráhùn. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ ní Ìpòtì, tí àwọn jẹnẹrétọ̀ náà sì ti sùn, ìràwọ̀ á yọ débi pé àgùàlà nìkan kọ́ ni ọmọdé á máa tọ́ka sí. Kí ọyẹ́ má ti eruku bò ó nìkan ni. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń mọ́ jù. Ohun rere kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú àìsí iná nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe fẹ́. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1781 kan náà, ó fẹ́ ṣe dígí tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, irú èyí tí ẹnì kankan kò ṣe rí. Kò síbi tí wọ́n lè dà á, ló bá mọ iná ìléru sínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n fi mọ móòdù ẹ̀. Ta ló gún ìgbẹ́ ẹṣin yẹn nínú odó, tó sì jọ̀ ọ́? Caroline ni, akọrin Messiah. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dà á, móòdù jò, dígí náà sì là nígbà tó tutù. Ìgbà kejì, ìléru fúnra ẹ̀ ló là, mẹ́tàlì gbígbóná tú sórí òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Àwọn òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, wọ́n ń fò kan àjà. Herschel, arákùnrin ẹ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ wọn bẹ́ gba ẹnu ọ̀nà oríṣiríṣi jáde. Ilé náà ti di ilé àkójọ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, àwọn òkúta tó là ṣì wà níbẹ̀.

Ọba George Kẹta fi í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀ ààfin lọ́dún 1782, ó ń san £200 fún un lọ́dún. Ẹ má ṣe patẹ́wọ́ síbẹ̀. Owó yìí kéré sí ohun tó ń rí nídìí orin. Ó gbà á, ó fi Bath sílẹ̀, ó kó lọ sí Datchet, ó wá ń ṣe awò tà kí nǹkan lè bá nǹkan mu. Àwọn ọba àtàwọn ìjòyè ilẹ̀ òkèèrè ń rà á. Èyí tó ṣe fún ọba Spain, £3,150 ni wọ́n san lórí ẹ̀. Gbogbo awò tó ṣe láyé ẹ̀ ju 400 lọ.

Ẹnikẹ́ni ò bi Caroline bóyá ó fẹ́ fi orin sílẹ̀. Òun náà kó ẹrù. Lóru, William á wà lókè àtẹ̀gùn lẹ́nu awò, á máa ké ohun tó ń rí sísàlẹ̀, Caroline á máa wo aago, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, nínú òtútù tí yíǹkì ti máa ń dì nínú ìgò. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún 1783 parí, yìnyín bo ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní kó ṣe kíá, ó sáré, ìwọ̀ irin kan gún un lókè orúnkún. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e kúrò, ẹran ara ẹ̀ ti kù sórí ìwọ̀ náà. Ohun tó ká a lára jù, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ni pé kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà má dí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́. Ara ẹ̀ sì balẹ̀ nígbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀run lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe awò kékeré fún un. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1786, nígbà tí William rìnrìn àjò, ó fi rí ìràwọ̀ onírù. Kó tó di òpin ọdún 1797, ó ti rí mẹ́jọ. Láti ọdún 1787, ọba ń san £50 fún un lọ́dún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun lobìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sanwó fún nídìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹni ọdún 37 ni, ó sì kọ ọ́ pé owó àkọ́kọ́ tóun lè ná bó ṣe wu òun láyé òun nìyẹn.

Wọ́n ti kó lọ sí Slough nígbà yẹn, níbi tí William ti ń kan awò ẹsẹ̀ bàtà 40. Ọba fi £4,000 sí i. Òpó irin ẹ̀ fẹ̀ débi pé kí wọ́n tó gbé e nàró, ọba àti bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury rìn gba inú ẹ̀ kọjá. Dígí ẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Lọ́dún 1789, ó rí òṣùpá méjì kún ti Saturn, Enceladus àti Mimas. Síbẹ̀, ká má tan ara wa, awò ńlá yìí kò tó ariwo tí wọ́n pa lé e lórí. Ó wúwo, ó ṣòro láti yí, dígí ẹ̀ ń tètè ṣú, àlejò ló sì ń wò ó jù. Awò ẹsẹ̀ bàtà 20 tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ gidi: ìkùukùu ìràwọ̀ àti àgbájọ ìràwọ̀ tí òun àti Caroline kọ sílẹ̀ tó 2,500.

Lọ́dún 1788, William fẹ́ Mary Pitt, opó kan tó rí jájẹ. Caroline kúrò nínú ilé, ó lọ gbé yàrá tirẹ̀. Ohun tó kọ nípa ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ fúnra ẹ̀ nígbà tó yá, kó má baà dun ẹnikẹ́ni. Mo máa ń rò pé ìwé tí à ń wá jù nínú ìtàn yìí nìyẹn.

Herschel gba àwọn nǹkan kan gbọ́ tó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ó gbà pé àwọn ẹ̀dá kan ń gbé inú oòrùn, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta lọ́dún 1800, tó gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó rí i pé ibi tó gbóná jù wà lẹ́yìn àwọ̀ pupa, níbi tí ojú ò ti rí nǹkan kan. Ẹ di rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yín mú, ẹ fi kámẹ́rà fóònù wo iwájú ẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ fóònù, àmọ́ tí ojú lásán kò rí, irú ẹ̀ lohun tó bá pàdé.

Ó kú lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1822, lẹ́ni ọdún 83. Uranus máa ń lo ọdún 84 kó tó yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan. Caroline padà sí Hanover. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní London fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 1828, ó sì di ẹni ọdún 97 kó tó kú lọ́dún 1848.

Awò ẹsẹ̀ bàtà 40 ti ń jẹrà nígbà yẹn. John, ọmọ William, tóun náà jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, ní kí wọ́n tú u kalẹ̀ kó má baà wó pa èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún 1839 parí, ó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ wọ inú òpó irin náà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí nínú ọgbà, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n kọ orin ìdágbére tí John fúnra ẹ̀ kọ fún un. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí i, igi wó lù ú, ó fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Apá tó ṣẹ́ kù wà ní Greenwich.